Iyọ̀ Kan Náà: Bí Ìmọ̀ Ìlera Ṣe Di Ìwé Àjọkọ

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ tí àwa bíi mẹ́fà ń péjọ ṣe ní ọ̀sán Sátidé. Iṣẹ́ náà ni pé a ń kọ́ bí a ṣe ń dá sí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Apá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn àti ìlera ni a mú, èdè Yorùbá ni a sì fi ń kọ ọ́. Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá léèrè pé kí ló dé tí àwọn tí ìdánwò ń lé kiri tún lọ gbé iṣẹ́ tí kò lówó lérí. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kò lè ṣe ní gbólóhùn kan, nítorí ìtàn ni. Orí iyọ̀ ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Òru ọjọ́ iyọ̀

Mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìyá mi jí gbogbo wa nílé ní Ìbàdàn. Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló pè wọ́n láti Òṣogbo pé kí wọ́n tètè po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kí gbogbo ilé fi wẹ̀, kí oníkálukú sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé oògùn Ebola ti jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà, ẹnìkan ló pè wọ́n. Ẹni tó pè wọ́n, orí fóònù ló ti kà á. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí nígbà náà. Mo wẹ̀, mo mu. Òùngbẹ gbẹ wá títí di ọ̀sán, kò ṣe wá ní nǹkan mìíràn.

Orí ló kó wa yọ. Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwé ìròyìn ń sọ pé ènìyàn méjì ti kú nípasẹ̀ omi iyọ̀, àwọn mìíràn sì wà nílé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà mẹ́nu ba ikú àwọn méjì yìí nígbà tí ó ń kìlọ̀ fún ayé nípa ayédèrú oògùn Ebola.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kò sí ibi tí a lè lọ wò bóyá òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tí a lè bi pé, "Níbo lo ti rí i?" Ìfẹ́ ló sì gbé e kiri, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní dákẹ́ di ọjọ́ kejì kó tó pè é. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹlòmíràn kò ní wà láyé títí di ọjọ́ kan ṣoṣo náà.

Ní àsìkò kan náà, àwọn ènìyàn wà tí ìmọ̀ tòótọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer ti gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà tòun ti àìsàn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Ọbáléndé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ láti ìlú rẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, Èkó bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ìbá pa á run. Dókítà náà fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Nígbà tí WHO kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́, ènìyàn 20 péré ni ó ti ṣe, 8 nínú wọn ló kú.

Àwa ará Texas náà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n rí Ebola lára Thomas Eric Duncan ní Dallas, tí kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ sí wa pẹ̀lú mọ́tò. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá. Nọ́ọ̀sì méjì tó tọ́jú rẹ̀ kó o, Ọlọ́run sì gbà wọ́n.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Dókítà Adadevoh. Àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay ni, Herbert Macaulay sì jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ìdílé kan náà ni ẹni tó kó ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ìwé ti jáde, òun náà ni ẹni tó fi ìmọ̀ ìṣègùn gba ìlú là ti jáde. Èmi rò pé iṣẹ́ méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wa ni kí a so wọ́n pọ̀.

Ìmọ̀ tí a fi pamọ́

Àwọn baba wa kò ṣàìní ìmọ̀ ìlera. Wọ́n mọ ewé, wọ́n mọ egbò, wọ́n mọ àkókò tí a ń já a àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí i. Ṣùgbọ́n awo ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Oúnjẹ oojọ́ wọn ni, ohun tó sì lágbára kì í ṣe ohun tí a ń jù sílẹ̀ fún ọmọdé. Àléébù ibẹ̀ ni pé bí àgbà kan bá lọ lójijì, ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Àléébù kejì ni pé ẹni tí kò sí nínú awo kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè sọ pé, "Èyí dára, èyí kò dára."

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Fatumbi, fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní *Ewé* jáde ní ọdún 1995, nígbà tí ó kù díẹ̀ kó kú. Àpòpọ̀ oògùn 447 ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ńlá ni. Àlejò ló sì kọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan ṣáájú ti Verger. Dókítà Oguntola Sapara, tí wọ́n bí ní 1861 ní Freetown, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Scotland, wá ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé ìgbóná kò yé pa àwọn ènìyàn. Ó bá wọ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ń tan àrùn náà kálẹ̀ fúnra wọn, kí ogún òkú lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó jáde, ó sọ ohun tó rí, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀wẹ̀, Sapara yìí kan náà kò kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀. Ó ń kọ́ nípa ewé ilé wa, ó sì ń lò ó. Ohun tí ó lòdì sí ni òkùnkùn. Ní ọdún 1980, ayé kéde pé ìgbóná ti parẹ́ pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló pa á, pẹ̀lú pé a tú àṣírí bí ó ṣe ń rìn fún gbogbo ènìyàn.

Àpẹẹrẹ kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo yín lẹ mọ gìrì. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa ló ti rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sẹ́nu ọmọ tí gìrì mú: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́, àti iyọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń yẹ àgbo yìí wò. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ sílẹ̀, ó sì ń mú kí ọmọ sùn fọnfọn bí ẹni tó dákú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àgbo ló pa ọmọ, tí a sì di ẹ̀bi ru gìrì. Iṣẹ́ gidi ni àwọn ará Ìbàdàn ṣe. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé ìkàwé. Ìyá tó ń lọ aáyù lórí ọlọ ní Ọjà Ọba kò rí i kà. Awo ni èyí náà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Iyọ̀ tó gba ọmọ là

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìmọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn òbí yín yóò rántí omi iyọ̀ òun ṣúgà. Láàárín 1960 sí 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí i dájú ní Dhaka àti ní Calcutta pé bí a bá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi ní ìwọ̀n tó yẹ, ìfun ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu yóò gba omi náà sára. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dókítà Dilip Mahalanabis lò ó ní àgọ́ àwọn asásálà ní Bongaon, nígbà tí omi tí a ń fà sí iṣan tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló yè. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba abẹ́rẹ́. Ìyá lè pò ó nílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé, di mínísítà ìlera Nàìjíríà ní ọdún 1985. Ó gbé ìlera alábọ́dé lọ sí ẹsẹ̀ kùkú, omi iyọ̀ òun ṣúgà sì di ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ibùdó ìlera, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní èdè wọn. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tún dúró níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, tí ó sọ ohun tó pa àbúrò rẹ̀, Fela, láìfi bò. Ó ní AIDS ni. Ẹ fojú inú wo ilé ńlá bẹ́ẹ̀, ẹ fojú inú wo ìtìjú ìgbà yẹn. Ó sọ ọ́ síbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí a bá bo òtítọ́ ìlera mọ́ lójú, ikú ni a fi lé lọ́wọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé iyọ̀ kan náà ni. Ní ìwọ̀n tó yẹ, pẹ̀lú ṣúgà àti omi tó mọ́, ó gba ọmọ là. Láìsí ìwọ̀n, ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 2014, ó pa ènìyàn. Iyọ̀ kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé iyọ̀ ló yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ẹ̀mí ló ń tọ́jú.

Bí ìwé àjọkọ ṣe dáyé

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ìwé ìmọ̀ náà. Ìwé tó kó ìmọ̀ gbogbo jọ ti pẹ́ láyé. Ní Edinburgh ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ *Encyclopaedia Britannica* ní 1768. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí a san owó fún ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, olówó ló sì ń rà á. Ní ọdún 1995, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ward Cunningham ṣe ojú-ewé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń kà á lè tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó pè é ní wiki, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii tó túmọ̀ sí kíákíá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò káàkiri pápákọ̀ òfuurufú Honolulu.

Jimmy Wales àti Larry Sanger kò kọ́kọ́ gba irú nǹkan báyìí gbọ́. Ní ọdún 2000, wọ́n dá ìwé ìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nupedia. Ọ̀mọ̀wé ni yóò kọ ọ́, ìpele méje ni àyọkà yóò sì gbà kọjá kí ó tó jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, àyọkà 21 péré ló parí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì pe èyí ní Wikipedia. Lóde òní, èdè tó ju 300 lọ ló ní tirẹ̀. Ti Yorùbá wà láàárín wọn, àyọkà inú rẹ̀ sì ti ju 30,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò ju ìlà méjì mẹ́ta lọ.

Ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi mí, mo mọ̀ ọ́n: ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ, ṣé a lè fi ẹ̀mí ẹni lé e lọ́wọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ *Nature* gbé àyọkà 42 láti inú Wikipedia àti láti inú Britannica fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Àṣìṣe ńlá mẹ́rin ni wọ́n rí nínú ti Wikipedia, mẹ́rin náà ni wọ́n rí nínú ti Britannica. Àwọn àṣìṣe kéékèèké àti àfojúfò jẹ́ 162 ní ti Wikipedia, 123 ní ti Britannica. Inú àwọn Britannica kò dùn sí i. Kò sí ìwé tí kò lábùkù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èyí tí ó wà ní Wikipedia ṣeé tún ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn oníṣègùn náà wá gbà pé àwọn kò lè fi í sílẹ̀. Ní ọdún 2004 ni àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìlera kó ara wọn jọ síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ WikiProject Medicine. James Heilman, dókítà pàjáwìrì ní British Columbia ní Kánádà, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru ọjọ́ kan tí aláìsàn kò pọ̀, ó ka àyọkà lórí sísanra jọ̀kọ̀tọ̀, ó rí i pé àṣìṣe kún inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 2013, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti University of California ní San Francisco bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn. Nígbà Ebola ọdún 2014, àwọn díẹ̀ yìí ló ń ṣọ́ àyọkà náà tọ̀sán-tòru, tí àwọn ènìyàn sì ń wá kà á ní ìgbà tó tó mílíọ̀nù 17 láàárín oṣù kan. Àwọn atúmọ̀ èdè ń sọ ọ́ di èdè mìíràn bí ó ti ń jáde. Nígbà tí kòrónà dé, WHO fúnra rẹ̀ bá àjọ tó ni Wikipedia ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020.

Àwọn mìíràn gbìyànjú ọ̀nà tiwọn. Ní 2009 wọ́n ṣí Medpedia, ìwé ìmọ̀ ìlera tí ó jẹ́ pé dókítà àti ọ̀mọ̀wé nìkan ló lè tún un ṣe. Àwọn yunifásítì ńláńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2013 ó ti kógbá sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọwọ́ Houston nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti gba iwájú Texas Medical Center kọjá yóò ti rí orúkọ Michael DeBakey lára ilé. Oníṣẹ́ abẹ ọkàn ni, ó dé Houston ní 1948, ó sì kú ní 2008 nígbà tí ó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ni ayé mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó wà lára àwọn tó jà fitafita kí ilé ìkàwé ìṣègùn àwọn ológun lè di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin rẹ̀ jáde ní 1956, ilé ìkàwé náà sì di National Library of Medicine. Láti inú ilé ìkàwé yìí ni wọ́n ti ṣí PubMed sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 1997. Inú PubMed ni àwa náà ti ń wá ẹ̀rí fún ohun tí a ń kọ. Iṣẹ́ àwọn ará Ìbàdàn lórí ìtọ̀ màlúù, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mo ti gbé Ìbàdàn láti kékeré, Houston ni mo ti wá mọ̀.

Ohun tí a ń kọ́

Mo fẹ́ sọ ìtìjú mi fún yín. Àyọkà àkọ́kọ́ tí mo kọ́ láti tún ṣe dá lórí ibà. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta tó dùn ún kà, mo kọ ohun tí ìyá-ìyá mi sọ fún mi nípa ewé dóńgóyárò, mo sì fi í síbẹ̀. Kí n tó pọn omi tíì tán, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí ti yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè kan ló fi sílẹ̀ sí ojú-ewé ọ̀rọ̀: níbo ni mo ti rí i? Inú bí mi. Mo ní ta ni yóò kọ́ mi ní ohun ilé wa? Ṣùgbọ́n bí mo ti dùbúlẹ̀ lálẹ́, mo rántí òru ọjọ́ iyọ̀. Ìbéèrè tí ẹni náà bi mí ni ìbéèrè tí kò sí ẹnìkan tó bi nílé wa ní ọdún 2014. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kí a tọ́ka sí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n, kí a dárúkọ ibi tí a ti rí i, òun gan-an ni òfin àkọ́kọ́.

Òfin kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí ló tó ẹ̀rí. Ìròyìn nínú ìwé ìròyìn kò tó. Ìwádìí kan ṣoṣo, ó tiẹ̀ lè jẹ́ lórí eku, kò tó. Àkójọ ìwádìí púpọ̀ ni wọ́n ń béèrè, tàbí ìlànà tí àjọ ìlera tó lórúkọ gbé jáde, tí kò sì tíì pẹ́ jù. Òfin kẹta ni pé ìwé ìmọ̀ kì í ṣe dókítà. A ń sọ ohun tí àìsàn jẹ́. A kì í sọ fún aláìsàn pé kó lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ti ìwé yìí yàtọ̀ díẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá kọ ló wà nínú ìtàn ojú-ewé náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe lè dá a padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ibà ni a ń pe ara gbígbóná, ibà náà ni a ń pe èyí tí ẹ̀fọn ń fà. Bí ojú ènìyàn bá pọ́n, ibà pọ́njú ni, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ̀fọn gbé wá tàbí èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni a ń pe ìdí yíyọ, òun náà ni a ń di ẹ̀bi ẹ̀yìn ríro rù, a sì ń sọ pé ṣúgà ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àyọkà gbọ́dọ̀ la ọ̀nà wọ̀nyí síra wọn láìsọ èdè di ohun tí ìyá wa kò mọ̀ mọ́. Àwọn baba wa sì sọ orúkọ kan tí n kò rí irú rẹ̀ ní èdè mìíràn: fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910 ni James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó rí bí òṣùpá ilẹ̀ àkọ́lé. Ẹni tó sọ ọ́ ní fòníkú-fọ̀ladìde kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jókòó ti ọmọ náà ní òru.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá kò lè gbé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ń ru báyìí. Ní Sátidé kan ní oṣù tó kọjá, mo pè wọ́n, mo sì ka ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, kí n lè mọ̀ bóyá ó yé wọn. Mo dé ibi tí a ti sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan péré, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú mágí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, mo sọ ọdún tí wọ́n sọ ọ́ àti ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní ó dáa, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àwọn ní Òṣogbo.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nítorí ìyẹn ni. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wa, ẹ wá. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ, tí kò mọ nǹkan kan nípa oògùn, ṣùgbọ́n tó mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀, ẹ wá. Ẹni tí Yorùbá rẹ̀ ti ń dáhoro láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, ìwọ gan-an ni kí o tètè wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni a ń bẹ̀rẹ̀, tíì wà, ṣúgà sì wà níbẹ̀. Ti iyọ̀ nìkan ni a óò bi yín léèrè ìwọ̀n rẹ̀.

Ire o.